Àìsàn Tí Kò Lórin Ọpẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n gbàdúrà ìdágbére fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán, kò sí ewu kan tí wọn kò rántí. Wọ́n gbàdúrà lòdì sí jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbàdúrà lòdì sí òtútù, sí àwọn aṣọ́bodè, sí ọkọ òyìnbó tí yóò fẹ́ mi tán tí kò ní jẹ́ kí n mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ gbàdúrà lòdì sí ajá, nítorí ó ti rí i nínú fíìmù pé inú yàrá ni ajá òyìnbó ń sùn. Mo ń ṣe àmín lórí ìkúnlẹ̀ títí eékún fi ń ro mí. Èyí tó padà bá mi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. N kò bá wọn wí. Ní ìjọ tiwa, ohun tí a kò bá ti dárúkọ, a gbà pé kò mọ ojúlé wa.

Ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo balẹ̀ sí. Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Òmù-Àrán, o kò lè ti ilé rìn dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí láìjẹ́ pé o ti kí ènìyàn títí ọrùn rẹ fi rẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ilé, léèrè ọ̀nà, léèrè iṣẹ́, léèrè ọkọ tí o kò tíì ní. Níbí, mo kí obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán kò sì pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oòrùn tó yọ níjọ́ náà dà bí àlejò tí kò fẹ́ bọ́ bàtà.

Olùkọ́ Ìtàn ni mí nílé. Níbí, ilé ìtọ́jú kan tí àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra ń gbé ni mo ti ríṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Àwọn wèrè?"

"Wọn kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níbí, Màámi."

"Kí ni wọ́n wá ń pè wọ́n?"

"Orúkọ wọn ni."

"Háà. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bèèrè, màá ní ọsibítù lo wà."

Kì í ṣe irọ́. Òtítọ́ tó wé gèlè ni.

Bàbá kan wà lára àwọn tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́ wa tó ń jẹ́ Fráǹkì. Òun ni mo kọ́kọ́ bá pàdé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi, obìnrin kúkúrú kan báyìí, bi í pé báwo ni ara rẹ̀ lónìí. Fráǹkì ní, "Kò dáa. Ó burú gan-an." Mo dúró kí ó sọ pé "ṣùgbọ́n a dúpẹ́." Kò sọ ọ́. Ọ̀gá mi kò sì bá a wí, kò sọ fún un pé àwọn ẹlòmíràn wà tí tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ló fa àga, ó jókòó tì í, ó ní, "Sọ ọ́ fún mi." Ẹnu yà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkíni ni "ṣé dáadáa ni," kì í ṣe ìbéèrè. Ẹni tó bá fi "rárá" dáhùn ti ba àárọ̀ ẹni tó kí i jẹ́.

Bí mo ṣe ń pín oògùn fún Fráǹkì àti àwọn yòókù láàárọ̀ nìyẹn, tí mò ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi fi omi gbé e mì. Tó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Pásítọ̀ á ní kí a gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Oògùn òyìnbó kò mọ ibi tí ẹ̀mí ń gbé!" Èmi náà á gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, á jẹ́ pé ohùn tèmi ló lọ sókè jù. N kò rí ohunkóhun tó ta kora nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó ló ń ṣàìsàn ọpọlọ. Ti àwa Kristẹni Yorùbá, ogun ilé baba ni.

Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni Pásítọ̀ wa o. Òun ló wá gbé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin nígbà tí mo dé. Kóòtù ìyàwó rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi jagun òtútù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ kóòtù aláwọ̀ wáìnì, á di ẹlòmíràn. Ẹni tó ń tẹ̀lé e nínú iṣẹ́ ìtúsílẹ̀ ni Màmá Ìyanu, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù ńlá ìlú náà. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, á máa gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, á máa lé ohun tí abẹ́rẹ́ kò lè lé.

Ìgbà òtútù kejì ni tèmi bẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Oorun ló kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ kò ládùn mọ́. Mo tẹ ẹ̀bà, mo wò ó títí ó fi gbẹ. Ara wíwẹ̀ wá dà bí kí wọ́n ní kí n gun òkè. Mo máa ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì, omi á máa dà lójú mi bí ẹni pé ojú ẹlòmíràn ni, n kò sì lè sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Ẹnikẹ́ni kò ṣe mí ní nǹkan. Mo ní iṣẹ́, mo ní ìwé ìgbélùú, àdúrà gbogbo ìjọ ti gbà lórí mi. Ìyẹn gan-an ló tún ń dá kún un: kí ni mo ní tí mò ń sunkún lé lórí?

Ìyá mi máa ń pè mí lórí fídíò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kó tó pè, màá ti fi páúdà kùn, màá fi yẹtí sí, màá jókòó síbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù. Láti ọrùn sókè, ìyàwó ìlú òyìnbó ni mí. Láti ọrùn sísàlẹ̀, aṣọ tí mo ti ń sùn sí láti ọjọ́ Ajé ni.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Ojú rẹ ti kéré."

"Fóònù ni."

Inú rẹ̀ á dùn. Á yí fóònù sójú ọ̀nà kí n lè rí i bí àgbàdo ẹ̀yìn ilé ṣe ga, kí n rí i bí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ṣe ń gòkè. Tí mo bá pa fóònù, ńṣe ni yàrá á dákẹ́ bíi kànga. Mo ń ronú nígbà náà pé tí n kò bá jí ní ọ̀la, ara á tù mí. Mo sọ ọ́ ní tààrà báyìí nítorí pé n kò lè sọ ọ́ nígbà náà, kódà fún Ọlọ́run.

Mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Pásítọ̀. Ó mú mi wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àwọn àga sí, òun àti Màmá Ìyanu. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó wá ní, "Sísítà, ìwọ kọ́ ló ń sunkún. Nǹkan kan ló ń yá ojú rẹ lò. Níbo lo ti wá gan-an nílé?"

"Òmù-Àrán, sà."

"Kwara. Ṣé kò jìnnà síbi tí àwọn ère òkúta yẹn wà?"

"Èsìẹ́, sà. Kò jìnnà."

Ó wo Màmá Ìyanu. Màmá Ìyanu náà wò ó. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti mú ọ̀daràn.

Mo ṣàlàyé pé èmi kì í ṣe ará Èsìẹ́. Wọ́n ní ẹ̀mí kì í wo ààlà. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀, nígbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. A wo àwọn ère, a jẹ bísíkíìtì, a padà sílé kí òjò tó dé. Màmá Ìyanu mi orí. "Ṣé o wò wọ́n lójú?" Mo ní mo wò wọ́n lójú, olùkọ́ Ìtàn ni mí. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan!" Àwọn ère tó ti jókòó jẹ́jẹ́ láti ayé àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọn kò lè dé Ìlọrin bí wọn kò bá gbé wọn sínú mọ́tò, àwọn ni wọ́n ní wọ́n bá mi wọ bàálù.

Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Èyí rọrùn, nítorí mo ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ. Lẹ́yìn náà ni ìtúsílẹ̀. Wọ́n tò yí mi ká, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, Màmá Ìyanu ń pàṣẹ fún òkúta pé kó padà sí Èsìẹ́. Ó pẹ́. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo rí i pé àwọn tó dúró lẹ́yìn mi ti na ọwọ́ wọn tipẹ́, wọ́n ń dúró kí n ṣubú kí wọ́n lè gbá mi mú, ó sì ti rẹ àwọn náà. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ́ kí àgbà dúró lásán. Mo ṣubú. Ariwo ayọ̀ sọ. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wo iná òrùlé, ó sì jẹ́ ìsinmi díẹ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí mo dìde, ọkàn mi wà níbi tí mo fi í sí.

Fráǹkì ló tú àṣírí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé oògùn rẹ̀ fún un, ó gbà á, kò mu ún. Ó ń wò mí.

"Ara tìrẹ ńkọ́?" ló bi mí.

"Dáadáa ni."

"Irọ́ ni. Ojú rẹ burú ju tèmi lọ. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ. Tí o bá kú, ẹni kejì yẹn ni yóò máa po tíì fún wa, tíì rẹ̀ sì dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìbọ̀sẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni ẹkún bú jáde, kò sì dúró mọ́. Fráǹkì, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún mi kí n tọ́jú, ló na ọwọ́ tẹ aago tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n tètè wá, ara òṣìṣẹ́ kò yá.

Dókítà tí mo lọ rí jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ó lè jẹ́ pé mo ti kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé. Ó bi mí bóyá mo ti ń ronú láti pa ara mi lára. Mo ní Kristẹni ni mí. Ó ní òun gbọ́. Ó tún ìbéèrè náà bi mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò pariwo. Kò bi mí léèrè ìlú tí mo ti wá. Ó fún mi ní oògùn, ó sì fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí màá máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo gbé oògùn náà délé, mo dà á sínú ike fítámì, kí ẹni tó bá wá kí mi má bàa rí i. Èmi nìkan ni mò ń gbé yàrá náà o.

Ara mi kò yá kíá. Oògùn náà kọ́kọ́ mú kí òòyì máa kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan, mo ń se ọbẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, ata náà ta mí lẹ́nu. Ó ta mí gan-an! Mo dúró sídìí ààrò, ahọ́n mi ń jó, inú mi ń dùn bí ẹni tí àlejò rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé. Lẹ́yìn náà ni oorun padà wá. Mo wẹ̀ láìsí pé mo bẹ ara mi. Mo kí obìnrin yàrá kejì, ó dáhùn, a sì jọ bú ojú ọjọ́. Bí wọ́n ṣe ń di ọ̀rẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ìjọ rí i pé ara mi ti mókun. Pásítọ̀ kò bi mí. Ó kéde rẹ̀. "Sísítà wa tí òkúta Èsìẹ́ dè mọ́lẹ̀, jáde wá jẹ́rìí!" Wọ́n ti ń lu ìlù kí n tó kúrò lórí àga. Mo gba máìkì. Mo ti pinnu láti sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n lọ jókòó. Mo wá rí gbogbo ojú wọn, bí wọ́n ṣe ń retí òkúta náà.

Mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ gbàdúrà. Àìsàn ni ó ṣe mí. Mo lọ rí dókítà. Mò ń lo oògùn, mo lò ó láàárọ̀ yìí kí n tó wá."

Onílù kan ṣoṣo ló kù tó ṣì ń lu ìlù, nítorí kò gbọ́. Ẹni tó jókòó tì í gbá a lápá. Pásítọ̀ gba máìkì lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi ké halelúyà! Ẹ ti gbọ́! Ọlọ́run ti wò ó sàn!" Orin bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn jó. Èmi náà jó, kí ni kí n ṣe?

Lẹ́yìn ìsìn ni ìsìn kejì tó bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Arákùnrin kan tó máa ń ka Bíbélì fún wa sún mọ́ mi, ó ń wo táyà mọ́tò bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ni kì í sùn, dókítà wo ni mo lọ rí? Obìnrin kan tó ń kọrin mú mi lọ sí ẹ̀yìn ògiri; ọ̀rẹ́ òun kan ló ń bèèrè bóyá oògùn náà máa ń mú ènìyàn sanra. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ tí kò sí nínú ìjọ wa ló ń ṣàìsàn jù.

Màmá Ìyanu ló wá kẹ́yìn. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, ó ní kí n wọlé. Ó ti fèrèsé.

"Èwo ni wọ́n fún ọ?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó mọ ọjà. "Èyí tèmi yàtọ̀ síyẹn. Má dá a dúró nítorí pé ara rẹ ti yá o. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn."

Mo yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà, mà?"

"Láti ìgbà tí Bàbá Ìyanu ti kú." Ó tún ìdè gèlè rẹ̀ ṣe nínú dígí mọ́tò. "O kò rí mi o."

"N kò rí yín, mà."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó tún ń lé ẹ̀mí lára ọmọkùnrin kan tó ń bẹ̀rù ìdánwò. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fún mi lápá pọ́. N kò mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ ni tàbí ìkíni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó sọ fún ìyá mi. N kò fi páúdà kùn lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbọ́ ọ, ó fi Yorùbá tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sínú Ìgbómìnà tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, èyí tí kì í sọ bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti wọ egungun.

Ohun tó sọ nìyí. Bàbá mi, tó kú nígbà tí mo wà ní yunifásítì, máa ń jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí a ń sin ín, àga yẹn ni wọ́n fi wàásù: ẹ wo onírẹ̀lẹ̀ tó yan ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ti fi ìrẹ̀lẹ̀ yẹn yangàn káàkiri. Ìyá mi ní kò sí ìrẹ̀lẹ̀ kankan níbẹ̀. Bàbá mi ni ọ̀gá akọrin kí n tó gbọ́njú. Àìsàn yìí gan-an ló mú un. Mo ní ṣé àwọn ìgbà tí wọ́n máa ń sọ pé bàbá lọ sinmi ní oko ní Rore? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìpàdé àwọn olùkọ́ tó máa ń lọ ní Ìlọrin ńkọ́?

"Ìpàdé wo? Ọsibítù ló ń lọ. Oògùn sì mú un dáadáa. Ṣùgbọ́n ìjọ ní kó má darí akọrin mọ́, kí ẹ̀mí yẹn má bàa ran àwọn tó kù. Wọn ò pariwo lé e o. Wọ́n fi sùúrù sọ ọ́, wọ́n tilẹ̀ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá."

"Kí lẹ̀yin wá sọ, Màámi?"

"Mo gba ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Mo gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn ilé wa, ó ń gba ọ̀nà jíjìn wá. Mo ti ń ronú láti ìgbà tí mo ti dé òkè òkun pé ìlú òyìnbó ló fún mi ní àìsàn yìí, pé bí mo bá wà nílé, láàárín ìkíni àti ariwo, kò ní mọ̀ mí. Ó wá jẹ́ pé ilé ni mo ti gbé e wá, bí ènìyàn ṣe ń gbé imú bàbá rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìyẹn tù mí nínú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò, mo mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan ni mí.

Kérésì tó tẹ̀lé e, mo lọ sílé. Ẹ mọ bí Òmù-Àrán ṣe máa ń rí ní Kérésì: àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Àbújá á kún ojú títì, ìsìn ọpẹ́ kò sì ní tètè parí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á jáde, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí, akọrin á dá orin tó bá a mu. Ẹnìkan dúpẹ́ fún ilé tuntun, orin ilé wà. Ẹnìkan dúpẹ́ fún ọmọ, orin ọmọ pọ̀. Ìdílé kan dúpẹ́ fún mọ́tò tí wọ́n fi yọ nínú jàǹbá. Orin tiwọn gan-an wà.

Ó kan àwa. Mo rò pé ìyá mi máa sọ pé mo lọ ire, mo bọ̀ ire. Ó gba máìkì, ó gbá a mú bí ọmọ odó.

"Ọmọ mi yìí ṣàìsàn ọpọlọ níbi tó wà. Ó lo oògùn, ara rẹ̀ yá. Mo wá dúpẹ́. Mo sì wá dúpẹ́ nítorí bàbá rẹ̀, tí ara òun náà yá nígbà náà, tí ẹ kò sì jẹ́ kí n dúpẹ́ rẹ̀."

Akọrin kò dá orin kankan. Wọ́n wo ọ̀gá wọn, ọ̀gá wọn wo pásítọ̀, pásítọ̀ wo Bíbélì. Àìsàn náà kò lórin. Nígbà tó yá, ẹnìkan dá orin ìkórè, a sì fi iṣu àti àgbàdo jó padà sí àyè wa.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn alàgbà ìjọ wá kí wa. Ìyá mi ni wọ́n wá gbàdúrà fún. Wọ́n ní àwọn rò pé ó ṣeé ṣe kí ayọ̀ ìpadàbọ̀ mi ti dà á lórí rú díẹ̀. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ òtítọ́, wọ́n gbà pé ara rẹ̀ le; ọjọ́ tó sọ ọ́ ni wọ́n gbé òróró wá. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ó gbé oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ, ó pe Alàgbà Fúnṣọ́ tó ṣáájú wọn padà. Ọ̀rẹ́ tí bàbá mi fi ṣe àbúrò nígbà tó wà láyé ni Alàgbà yìí.

"Fúnṣọ́, ìyàwó rẹ ńkọ́? N kò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Agbamu, mà. Ó ń sinmi."

"Láti ìgbà wo?"

Alàgbà ń fi fìlà rẹ̀ nu ọwọ́. "Láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀."

"Èmi náà ti sọ rí pé ọkọ mi ń sinmi," ni ìyá mi wí. "Ìsinmi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́la, ọmọ mi á bá ọ lọ."

Mo retí pé yóò bínú. Kò bínú. Ó jókòó padà sórí àga tó ti dìde kúrò, agbára rẹ̀ sì jáde lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ táyà. Ó ní, "Mà, mo ti gbààwẹ̀ títí. Àwọn tí mò ń gbàdúrà fún ń rí ìdáhùn. Ti ilé mi nìkan ni Ọlọ́run kò gbọ́."

A bá ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fọlá, ní Agbamu, nínú yàrá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀. Obìnrin tó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹsẹ Bíbélì ni. Aṣọ ti tóbi jù fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Wọ́n ní o ti ìlú òyìnbó wá gbàdúrà fún mi."

"Rárá, mà. A wá mú yín lọ sí Ìlọrin, kí dókítà lè wò yín."

Ó yí ojú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé ìjọ gbọ́ sí i?"

Alàgbà Fúnṣọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà. "Ìjọ ò gbọ́," ló wí. "Èmi ni mo gbọ́."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó ní kí a jẹ́ kí òun wọ bàtà tòun fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì dúró dè é. Nínú mọ́tò, láti Agbamu títí a fi dé Ìlọrin, ọkọ rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ lé orí itan, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

Ní ọsibítù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wá. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ní kí a sún mọ́ tábìlì. Alàgbà ni ó yíjú sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá, kí ló ń ṣe wọ́n?"

Alàgbà Fúnṣọ́ wú ikọ́. Mo mọ ikọ́ náà; bó ṣe máa ń wú u nìyẹn kó tó gba àdúrà gígùn. "Kì í sùn," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Ó ń sunkún. Kì í—"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lápá.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi," ló wí.

Nọ́ọ̀sì náà yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, ó kọjú sí ìyàwó.